Ọgbà ẹranko inú ilé ìtajà ńlá: ẹranko wo ni kí a fi sí ibo?

Ayàwòrán béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo ń ya ìwé àwòrán kan fún àwọn ọmọdé, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó fi yíǹkì tẹ̀ lé ohun tí mo ti fi pẹ́ńsù yà. Ìtàn inú rẹ̀ dá lórí ilé ìtajà kan, irú àwọn ilé ràgàjì tí wọ́n ti ń to ọjà sórí pẹpẹ irin láti ilẹ̀ títí dé abẹ́ òrùlé, tí àwọn oníbàárà ń ti ọmọlanke kiri inú rẹ̀, tí fọ́kílíìfù sì ń gbé ẹrù gòkè gbé ẹrù sọ̀. Nínú ìtàn náà, àwọn tó ni ilé ìtajà yìí pinnu pé àwọn yóò sọ ọ́ di ọgbà ẹranko láì kó ọjà kankan kúrò níbẹ̀. Ọjà ń tà, ẹranko ń gbé, oníbàárà sì ń kọjá láàárín méjèèjì.

Mo fẹ́ kí ó pa ọmọdé lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ̀rín náà dúró lórí irọ́. Bí mo bá fi ẹranko kan sí ibì kan, ìwà ẹranko náà gan-an ni kí ó gbé e débẹ̀, kí ọmọ tí ó ń ka ìwé náà lè mọ ohun tòótọ́ kan nípa rẹ̀ kí ó tó ṣí ojú ìwé tó kàn. Àwọn mẹ́rin tí mo ti yà nìyí: àgùnfọn wà ní ọ̀nà àárín, ó ń bá àwọn oníbàárà mú ọjà tó wà lókè pátápátá sọ̀ kalẹ̀, erin wà níbi ìsanwó, pẹ́ńgúìnì wà nínú yàrá tí wọ́n ń kó ọjà dídì sí, kìnnìún sì nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tà.

Ǹjẹ́ ibi tí mo fi àwọn mẹ́rin yìí sí bá ìwà wọn mu? Àwọn ẹranko wo ni ẹ rò pé ó yẹ kí n fi kún wọn, apá ibo nínú ilé ìtajà náà ni kí n sì fi wọ́n sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ẹranko kan sílẹ̀ nítorí pé ó kéré. Ojú ìwé náà fẹ̀, àwọn ọmọdé a sì máa wá ohun kékeré kiri inú àwòrán ńlá.

Olùtọ́jú Ẹranko dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, Ayàwòrán. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko ni mo ń ṣe, ìbéèrè yín sì wọ̀ mí lára gidigidi, nítorí bí ẹ ṣe ń rò ó yẹn náà ni àwa náà ṣe ń rò ó: kí a tó kọ́ ilé fún ẹranko, a ó kọ́kọ́ wádìí ibi tí ó ń sùn, bí ó ṣe ń wá oúnjẹ, ohun tí ó ń mú inú rẹ̀ dùn àti ohun tí ó ń bà á lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n mú pẹ́ńgúìnì ṣáájú. Oríṣi pẹ́ńgúìnì pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni òtútù bá lára mu. Èyí tí ń gbé etí òkun Gúúsù Áfíríkà àti Nàmíbíà mọ oòrùn dáadáa. Bí ẹ bá tì í mọ́ inú yàrá ọjà dídì, ìyà ni ẹ fi jẹ ẹ́. Èyí tí ẹ ń wá ni pẹ́ńgúìnì emperor, tí ń gbé Àǹtátíkà. Yàrá ọjà dídì sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ibi tí ẹyẹ yìí sì ti ń pamọ lè tutù dé ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo, nítorí náà yàrá yín á tù ú lára. Ó ga ju mítà kan lọ díẹ̀, ó sì lè wúwo tó kílò 40. Akọ rẹ̀ ni í sàba: yóò gbé ẹyin kan ṣoṣo lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò fi awọ ikùn bò ó, yóò sì dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì láì jẹun, títí abo yóò fi ti òkun dé. Ẹ yà á bí ó ṣe rí yẹn gan-an: ogunlọ́gọ̀ akọ pẹ́ńgúìnì tí wọ́n fún mọ́ ara wọn láàárín àwọn àpótí ẹja dídì, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbójú wo ẹja náà, tí oníbàárà kan sì ń fi ìrẹ̀lẹ̀ tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ wọn.

Kìnnìún orí bẹ́ẹ̀dì dára púpọ̀, nítorí ó lè sùn, tàbí kí ó kàn dùbúlẹ̀, fún nǹkan bí wákàtí 20 nínú wákàtí 24. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ilé ìtajà yín tí yóò dùn mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀dì lọ, ìyẹn páálí. Ẹni tí ó bá ní ológbò nílé mọ bí ó ṣe máa ń sáré wọ inú àpótí páálí tí a bá gbé kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kìnnìún àti ẹkùn ṣe ń ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ẹranko, a máa ń gbé páálí òfìfo sí ọ̀dọ̀ wọn kí ara wọn lè yá: wọn a fi imú tì í, wọn a jẹ ẹ́ ní ìjẹkújẹ, wọn a gbìyànjú láti fi gbogbo ara wọn jókòó sínú èyí tí kò gba orí wọn pàápàá, títí yóò fi bẹ́. Ilé ìtajà irú èyí sì ń kó òkìtì páálí dànù lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń ya ìwé náà, ẹ̀yìn ilé níbi òkìtì páálí ni kìnnìún yóò wà fún ìwọ̀nba wákàtí tí ó fi lajú, lẹ́yìn náà ni yóò wá padà sórí bẹ́ẹ̀dì, tòun ti ègé páálí lẹ́nu.

Ní ibi ìsanwó, ẹ fi ẹranko tí wọ́n ń pè ní sloth sí i. Orí igi ni ó ń gbé, ní àárín gbùngbùn àti gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ewé tí ó ń jẹ kò fún un ní agbára tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè tó oṣù kan kí ó tó dà tán nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í kánjú sí ohunkóhun. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ó ń sọ̀kalẹ̀ wá yàgbẹ́. Ẹ yà á kí ó rọ̀ mọ́ irin tó wà lókè ìlà àwọn tó fẹ́ sanwó. Ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, àwọn oníbàárà yóò ti yí padà, òun yóò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sún ìwọ̀n ìka kan síwájú. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ á máa ṣọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin.

Níbi tí wọ́n ti ń ta ìgò onídèérí, ẹ gbé àpótí gíláàsì tó kún fún omi sí i fún ọ́kítópọ́ọ̀sì, ẹranko inú òkun tó ní apá mẹ́jọ. Ọkàn mẹ́ta ni ó ní, kò ní egungun kankan, ó sì lè kọ́ bí a ṣe ń yí ìdérí ìgò títí yóò fi ṣí. Ní 2016 ni ìròyìn kàn káàkiri pé ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Inky yọ́ jáde kúrò nínú omi rẹ̀ ní ilé ìṣàfihàn ẹja kan ní ìlú Napier, ní New Zealand, ó wọ́ kọjá lórí ilẹ̀, ó sì gba inú páìpù omi wọ òkun lọ. Nítorí náà, ẹ ya ihò omi kékeré kan sí ilẹ̀ lẹ́bàá àpótí náà, kí ẹ má sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìtàn.

Ọ̀kan tó kù lọ́kàn mi ni ẹyẹ satin bowerbird ti Ọsirélíà. Akọ rẹ̀ máa ń fi ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ kọ́ àgọ́ sórí ilẹ̀ láti fi fa abo mọ́ra, ó sì máa ń ṣa ohun aláwọ̀ búlúù jọ síwájú àgọ́ náà: ìyẹ́, òdòdó, àti ìdérí ìgò oníke pàápàá. Ibikíbi tí ẹ bá fi í sí, ẹ jẹ́ kí pẹpẹ kan wà nítòsí tí gbogbo ọjà aláwọ̀ búlúù ti pòórá lórí rẹ̀, tí àwọ̀ yòókù sì pé pérépéré.

Awakọ̀ Fọ́kílíìfù dáhùn pé:

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Inú irú ilé yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ilé náà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ni yóò sọ ẹranko tí ó lè gbà.

Akọ àgùnfọn tó dàgbà lè ga tó mítà 5.5. Òrùlé kò ní dí i lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ irú ilé yìí ga ju mítà 7 lọ, ọjà tó wà lórí pẹpẹ òkè á sì wà ní ọ̀gangan ojú rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ tó gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 ni yóò fi máa fa ọjà náà. Ẹnu ọ̀nà gan-an ni ìṣòro wà. Ilẹ̀kùn tí a ń gbà kó ẹrù láti inú ọkọ̀ kì í sábà ga ju mítà 3 tàbí 4 lọ, àwọn pátákó tí wọ́n fi ń júwe ọ̀nà fún oníbàárà sì so rọ̀ láti òkè ní gbogbo ibi. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọdé bí ó ṣe wọlé, nítorí ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

Ní ti erin, ilẹ̀ ilé kò ní sán. Kọnkéré tí ó ń gba ìwúwo pẹpẹ irin tó kún fọ́fọ́, tí fọ́kílíìfù tó ru ẹrù sì ń gun kọjá lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò ní mira fún erin tọ́ọ̀nù 6. Àyè tó wà láàárín pẹpẹ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí erin bá wọ ọ̀nà kan, kò ní rí ibi tí yóò ti yíjú padà. Ẹ̀yìn ni yóò fi rìn jáde, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tòun ti ọmọlanke, ni yóò sì máa fi ẹ̀yìn rìn bọ̀.

Ẹ̀yin ń wá ẹranko tí ẹ ó kó wọlé, àwọn kan sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ológoṣẹ́ máa ń gbé abẹ́ òrùlé irú ilé yìí, a máa kọ́ ìtẹ́ sí àárín irin, a sì máa ṣa ohun tó bá dà sílẹ̀ nínú àpò tó ya. Ní New Zealand, wọ́n ti rí àwọn ológoṣẹ́ tó mọ bí a ṣe ń fò síwájú ojú ẹ̀rọ tó ń ṣí ilẹ̀kùn, kí ilẹ̀kùn lè ṣí fún wọn. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ fi ológoṣẹ́ ṣe aṣọ́bodè ọgbà náà. Kò sí ẹranko mìíràn tó tọ́ sí ipò yẹn ju òun lọ.

Olùtọ́jú Ẹranko fèsì:

Ẹ ṣeun, Awakọ̀. Ilẹ̀ kò ní sán lóòótọ́, ẹsẹ̀ erin ni yóò jìyà. Erin tó bá ń dúró lórí kọnkéré lójoojúmọ́ máa ń ní egbò àti àrùn àtẹ́lẹsẹ̀, oríkèé rẹ̀ a sì máa ro ó, ìdí nìyẹn tí àwọn ọgbà ẹranko tó dára fi ń da yanrìn tó jinlẹ̀ sí ilé erin. Erin ńlá sì lè jẹ tó kílò 150 oúnjẹ lóòjọ́.

Ohun kan tún kù, ìyẹn iná. Inú irú ilé yìí máa ń mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di òru, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹranko nílò òkùnkùn. Ní ọgbà ẹranko Bronx ní New York, wọ́n ṣí ilé kan ní 1969 fún àwọn ẹranko òru, wọ́n sì yí ọ̀sán àti òru padà nínú rẹ̀: iná pupa bàìbàì ni wọ́n ń tàn lọ́sàn-án kí àdán lè máa fò káàkiri lójú àwọn àlejò, wọ́n á wá tan iná funfun lálẹ́ kí ó lè sùn. Bí ẹ bá ya apá ibi tí wọ́n ti ń ta gílóòbù iná, ẹ pa gbogbo gílóòbù náà, kí àdán sì so rọ̀ síbẹ̀.

Òǹkàwé Ìtàn dáhùn pé:

Irú ọgbà tí ẹ ń sọ yìí ti wà rí, ó sì yẹ kí Ayàwòrán mọ̀ kí ó tó fi yíǹkì sí erin rẹ̀. Ní òpópónà Strand ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Exeter 'Change. Ṣọ́ọ̀bù ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òkè rẹ̀ kún fún kìnnìún, ọ̀bọ, àti erin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Chunee. Bí kìnnìún bá bú ramúramù lókè, ẹ̀rù a máa ba àwọn ẹṣin tó ń kọjá ní títì. Akéwì Byron lọ síbẹ̀ ní 1813, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé erin náà gba owó lọ́wọ́ òun, ó dá a padà fún òun, ó ṣí fìlà lórí òun, ó sì tún ṣílẹ̀kùn. Erin tó ń gbowó tí Ayàwòrán yà kì í ṣe àlá rárá, ó ti ṣẹlẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí ó já sí. Chunee dàgbà nínú àgò náà títí ó fi wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 5, ìbínú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wọ̀, ẹ̀rù sì ba àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ pé yóò fọ́ àgò. Ní oṣù kẹta ọdún 1826, wọ́n yìnbọn pa á nínú ilé náà. Ní 1829, wọ́n wó ilé ọ̀hún. Èyí tó sún mọ́ ìgbà tiwa ni ti ìlú Bangkok, ní ilẹ̀ Thailand, níbi tí ilé ìtajà Pata ti ṣí ọgbà ẹranko sí òkè ilé rẹ̀ ní 1983. Abo gòrílà kan tó ń jẹ́ Bua Noi ti lo ju ọgbọ̀n ọdún lọ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn láti ilẹ̀ púpọ̀ sì ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé e lọ síbi tí ó ti lè tẹ koríko.

N kò sọ pé kí ẹ má ya ìwé yín. Ó dùn mọ́ mi. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má ti erin mọ́ inú ilé, kí ẹ má sì fi gòrílà sí i rárá, nítorí ọmọdé tó rẹ́rìn-ín sí i lónìí lè dàgbà pẹ̀lú èrò pé ibi tó yẹ wọ́n nìyẹn.

Ní ti àgùnfọn àti ẹnu ọ̀nà, ìtàn ní ìdáhùn méjì. Èkínní, nígbà tí wọ́n gbé àgùnfọn kan láti Íjíbítì lọ fún ọba ilẹ̀ Faransé, wọ́n dá ihò sí orí ọkọ̀ ojú omi kí ọrùn rẹ̀ lè yọ síta. Ní 1827, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Marseille dé Paris. Èkejì, Price Club, tí ọ̀pọ̀ ń kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ irú àwọn ilé ìtajà wọ̀nyí, tí Sol Price dá sílẹ̀ ní San Diego ní 1976, inú ilé tí wọ́n ti ń kó bàálù sí tẹ́lẹ̀ ni ó wà. Ilé bàálù ni kí ẹ yà. Ẹnu ọ̀nà tí bàálù gbà wọlé, àgùnfọn á gbà á láì tẹ orí ba.

Olùkọ́ Ọmọdé dáhùn pé:

Ẹ̀yin ará, ẹ fi ẹranko méjì yìí kún un fún àwọn ọmọ mi. Ẹ fi alágẹmọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Gbogbo ọmọ ni ó gbà pé alágẹmọ máa ń di àwọ̀ ibi tó bá dúró sí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbínú, ìfẹ́ abo, ooru àti òtútù ni wọ́n sábà máa ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ yà á kí ó máa rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kọjá níwájú ọ̀dà pupa, ọ̀dà búlúù àti ọ̀dà funfun láì yí padà rárá, kí ó wá pàdé alágẹmọ mìíràn ní ìgun pẹpẹ, kí àwọ̀ méjèèjì sì yí lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkejì ni odídẹrẹ́. Ní 1977, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Irene Pepperberg ra odídẹrẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Chicago, ó sọ ọ́ ní Alex, ó sì kọ́ ọ títí Alex fi lè dárúkọ nǹkan púpọ̀, kí ó sọ àwọ̀ wọn, kí ó sì sọ iye wọn títí dé mẹ́fà. Alex kú ní 2007. Ẹ gbé odídẹrẹ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́. Kí ó máa pe ọ̀gá ilé ìtajà sí apá kìíní, kí ó pè é sí apá kẹfà, kí ọ̀gá náà sì máa sáré kọjá ní ojú ìwé gbogbo.

Ayàwòrán fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ilé bàálù ni n ó yà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á sì gba ojú ìwé méjì, kí àgùnfọn lè rìn wọlé pẹ̀lú ológoṣẹ́ tó ń fò níwájú ojú ẹ̀rọ láti ṣílẹ̀kùn fún un. Sloth ti gba ipò erin níbi ìsanwó. Kò ní sí gòrílà.

Erin ń bọ̀ wá sí ìta, sí ibi tí àwọn oníbàárà ń gbé ọkọ̀ sí, níbi tí àyè wà tí ó sì lè yíjú bí ó ṣe fẹ́. N ó gbẹ́ kọnkéré apá kan níbẹ̀ kúrò, n ó da yanrìn sí i, n ó gbin igi yí i ká, iṣẹ́ rẹ̀ á sì jẹ́ láti máa fi ọwọ́jà kó ọmọlanke tí wọ́n bá pa tì jọ. Mo ní ìbéèrè kan péré tó kù fún Olùtọ́jú Ẹranko: ṣé abo erin kan ṣoṣo ni kí n yà, tàbí kí ó pọ̀?

Olùtọ́jú Ẹranko fèsì:

Ẹ jẹ́ kó pọ̀. Abo erin kì í dá gbé. Ìyá àgbà ni í ṣíwájú agbo, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn a sì máa tẹ̀ lé e. Ẹ ya ìyá àgbà níwájú tí ó ń ti ọmọlanke tó gùn jù, kí ẹ wá ya ọmọ erin tó kéré jù sẹ́yìn pátápátá, tòun ti ọmọlanke kan ṣoṣo, tí táyà rẹ̀ kan kò yí dáadáa.